Ilé Ìkàwé Oníyàwó Mẹ́sàn-án

Kí n tó sọ bí Olóyè Adérógbà Fọláwẹwọ́ ṣe já bọ́, ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ bí ibi tó wà ṣe ga tó. Kò ga rárá. Àga kan ni. Ṣùgbọ́n Olóyè ti ní kí wọ́n ki búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ẹsẹ̀ àga náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹni tó bá wọlé lè máa gbójú sókè wò ó. Bó bá fẹ́ jókòó, àpótí ló máa kọ́kọ́ gùn. Bó bá fẹ́ dìde, Ṣóbándé akọ̀wé rẹ̀ á na ọwọ́ sí i bí ẹni tó ń gba ìyàwó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ Olóyè kò ju kó bójú tó ilé ìkàwé ìlú tó wà ní Ojú-Ọ̀rẹ́, ní Ọ̀tà. Ilé ọ̀hún kò tóbi: yàrá ìkàwé kan tó fẹ̀, ọ́fíìsì kan, yàrá mélòó kan lẹ́yìn, àti ihò kékeré tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí. Orúkọ oyè iṣẹ́ rẹ̀ ló gùn ju ilé náà lọ: Alákòóso Àgbà Pátápátá fún Ọ̀rọ̀ Ìwé, Ìmọ̀ àti Ìlàjú. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ pe gbogbo rẹ̀ tán kó tó sọ tẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, iná mú aṣọ fèrèsé ọ́fíìsì. Òṣìṣẹ́ kan sáré wọlé, ó ní, "Alákòóso Àgbà Pátápátá fún Ọ̀rọ̀ Ìwé, Ìmọ̀ àti..." Kó tó dé Ìlàjú, aṣọ fèrèsé ti jó tán, iná sì ti kú fúnra rẹ̀. Olóyè ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ètò ló pa iná náà.

Ìgbà Sáàpù nìyẹn, tí ìjọba ní kí gbogbo ìlú fún ìgbànú mọ́ra. Àwọn ilé iṣẹ́ tí èéfín wọn kì í sinmi ní Sángo bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ti Ìwó, Ẹdẹ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń jí lọ wo ara ògiri bóyá orúkọ wọn wà lára àwọn tí wọ́n dá dúró. Lándílọ́ọ̀dù ń fowó lé owó ilé. Ìwé ìṣirò kan ti wọ́n ju bàtà lọ, bàtà náà sì ti wọ́n ju ẹsẹ̀ lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n dá dúró ni Ṣùkúrát, ọmọ Ìwó, tó ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù nílé iṣẹ́ aṣọ tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ ṣe ìdánwò GCE kó lè wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Inú yàrá kan ṣoṣo lòun àti àǹtí rẹ̀ àti àwọn ọmọ àǹtí rẹ̀ ń sùn, kò síbi tó lè ṣí ìwé sí tí ẹnì kan ò ní fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nílé ìkàwé Ojú-Ọ̀rẹ́ nìkan ló ní. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì ti ránṣẹ́ láti ilé pé bí kò bá yege lọ́dún yìí, kó máa bọ̀ wá fẹ́ ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ ìlọta. Ṣùkúrát ní òun ò bá ẹ̀rọ náà ṣọ̀tá. Ẹni tó ni í lòun ò fẹ́.

Ṣùgbọ́n tábìlì náà, ọwọ́ Olóyè ló wà. Lọ́jọ́ kan, Olóyè mú ìwé kan lórí pẹpẹ, ó gbé e jìnnà sí ara bí ẹni gbé àkèré. Ó pe Ìyá Ọláníkẹ́ tó ń tọ́jú ìwé.

"Kí ló dé tí ìwé yìí gbó?"

"Alákòóso Àgbà Pátápátá fún Ọ̀rọ̀ Ìwé, Ìmọ̀ àti Ìlàjú, wọ́n kà á ni."

"Nígbà tó wà nínú páálí ńkọ́?"

"Kò gbó, sà."

"Nígbà tẹ́nikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án?"

"Tuntun ni, sà."

Olóyè yíjú sí akọ̀wé rẹ̀. "Ṣóbándé, o gbọ́? Kíkà ló ń ba ìwé jẹ́."

"Mo gbọ́, sà. Ó jẹ́ ohun ìyanu pé kò sẹ́ni tó rí i títí ẹ fi dé."

Bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ tuntun ṣe jáde: ẹni tó bá ka ojú ìwé kan, kó fo èyí tó tẹ̀ lé e, kí ìdajì ìwé lè máa wà ní tuntun. Ṣùkúrát gbọ́ràn. Ó ka àwọn ojú ìwé tí wọ́n gbà á láyè láti kà. Bí Olóyè bá ti lọ jẹun, á padà ka ìyókù.

Ọ̀rọ̀ ì bá mọ síbẹ̀, bí kì í bá ṣe pé ìròyìn dé láti Abẹ́òkúta pé kọmíṣọ́nnà ń bọ̀ wá wo ilé ìkàwé náà, ó sì fẹ́ gbọ́ ìtàn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ìtàn ọ̀hún ò ṣòro. Ìlú ló kọ́ ọ. Àwọn obìnrin ru omi, àwọn ọkùnrin po sìmẹ́ńtì, ẹni tí kò ní nǹkan kan mú ṣọ́bìrì wá. Bàbá tó bí bàbá Olóyè nìkan ni ò wá, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹ̀yìn náà sì dùn ún títí wọ́n fi kan òrùlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń jẹun ìṣílé, ara rẹ̀ ti yá.

Ṣùgbọ́n Olóyè gun orí àga rẹ̀, ó pa ojú dé, ó ní, "Ṣóbándé, ta ló kọ́ ilé yìí?"

Ọjọ́ pẹ́ tí Ṣóbándé ti ń fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jẹun. Ó ní, "Ta lẹ fẹ́ kó kọ́ ọ, sà?"

"Mò ń rí bàbá mi àgbà."

"Èmi náà ń rí wọn, sà. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà."

"Kí ni wọ́n wọ̀?"

"Agbádá, sà."

"Ẹyọ kan?"

"Méjì, sà. Wọ́n wọ ọ̀kan lé èkejì."

"Àbí ìlú ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́lé fún ìwé?"

"Rárá o, sà! Ilé wọn ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Àánú ìlú ló ṣe wọ́n tí wọ́n fi ní kí àwọn èèyàn máa kàwé níbẹ̀."

Olóyè mí kanlẹ̀. Ìtàn náà ti ń wọ̀ ọ́ lára. "Ìyàwó mélòó ni wọ́n ní?"

Ṣóbándé mọ̀ pé ẹyọ kan ni. Gbogbo Ọ̀tà mọ̀. Obìnrin náà ò jẹ́ kí èkejì sún mọ́ àgbàlá. "Mẹ́ta, sà?"

Olóyè fi ìka lu apá àga.

"Márùn-ún, sà."

Olóyè ń wo òkè àjà.

"Mẹ́sàn-án, sà! Ẹ má bínú, mo gbàgbé àwọn tó wà lẹ́yìn."

"Ó dáa bí o ṣe rántí."

Wọ́n jókòó, wọ́n ń sọ àwọn ìyàwó lórúkọ. Wọ́n fẹ́ ọ̀kan fún bàbá àgbà láti Adó-Odò, ọ̀kan láti Ìjù, ọ̀kan láti Ìlaròó. Olóyè ní kí òkìkí bàbá òun kọjá odò Ògùn, wọ́n bá fẹ́ ìkeje láti Ìwó, wọ́n sọ ọ́ ní Abísọ́lá. Bàbá tí ẹ̀yìn ń dùn fẹ́ ìyàwó mẹ́jọ ní ọ̀sán kan. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo wọn sára òkúta dídán kan láti lẹ̀ mọ́ ògiri. Olóyè wá pàṣẹ pé kí wọ́n kó tábìlì àti ìwé kúrò nínú yàrá ìkàwé, kí ó di Yàrá Ìrántí, níbi tí wọn yóò gbé àga bàbá àgbà sí. Bàbá àgbà ò ní àga. Wọ́n lọ ra ọ̀kan.

Ṣùkúrát dé, ó bá tábìlì rẹ̀ níta lójú oòrùn. Ó kúnlẹ̀ níwájú Olóyè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìdánwò wa ti dé tán. Ẹ jẹ́ kí n máa jókòó sí kọ̀rọ̀ kan."

Olóyè ká agbádá sí èjìká. "Ọmọbìnrin, ìwọ ń ro ti ìdánwò tìrẹ. Èmi ń ro ti àwọn tí wọn ò tíì bí, àwọn tí wọ́n á máa béèrè lọ́jọ́ iwájú pé: irú àga wo ni ọkùnrin yẹn jókòó lé?"

"Níbo ni kí n ti máa kàwé, sà?"

"Nínú ọkàn rẹ."

Ṣóbándé pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ kọmíṣọ́nnà pé. Olóyè wọ agbádá méjì, ọ̀kan lé èkejì, ó ń làágùn bí ẹni tó wà nídìí ààrò. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n dá ayé. Nígbà tó fi máa dé Ọ̀tà, àwọn kan ti sùn, wọ́n ti jí. Ó ka orúkọ ìyàwó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ó ṣí aṣọ lójú òkúta. Kọmíṣọ́nnà pàtẹ́wọ́, ìyẹn ló sì bà á jẹ́, torí bí wọ́n bá ti pàtẹ́wọ́ fún Olóyè, kì í lè dákẹ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó kígbe:

"Ilé bàbá mi nìyí! Ilé gbogbo ọmọ tí ìyàwó mẹ́sàn-án bí nìyí! Ọmọ Fọláwẹwọ́, níbikíbi tó bá wà, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún un!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ̀yin náà ní ilé bàbá. Ẹ mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ìgbà tí lándílọ́ọ̀dù ń lé gbogbo ayé sí títì ló sì sọ ọ́, lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Olóyè dé ibi iṣẹ́, ó bá bàbá arúgbó kan tó tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà, tó ń rún orógbó. Bàbá Àlàrí ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, télọ̀ ní Ìjù.

"Adé! O kú orí ire. Orí rẹ ló rí ilé bàbá wa tó sọnù."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹní yìí ń ṣe níbí?"

"Ṣé orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lo fẹ́ kí n sùn ní ilé bàbá mi?"

Kí Olóyè tó dáhùn, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú sítóòfù, àwọn ọmọ, àti adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ó ní ìdí igi ìyàwó tó wá láti Adó-Odò lòun ti wá. Ọkùnrin kan tí wọ́n dá dúró nílé iṣẹ́ irin gbé bẹ́ẹ̀dì dé, ó ní ti Ìlaròó lòun. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ àárín ọ̀run, ilé ìkàwé ti kún. Mi ò lè sọ pé ọmọ Fọláwẹwọ́ ni gbogbo wọn. Mi ò sì lè sọ pé ẹnì kan nínú wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀, yàtọ̀ sí Bàbá Àlàrí. Ṣùgbọ́n orúkọ ìyá wọn wà lára òkúta, Olóyè fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìgbà náà ni Ṣùkúrát wọlé, ó ru tábìlì rẹ̀ lórí.

"Ìwọ ńkọ́?" Olóyè pariwo.

Ó kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ kú ilé o, bàbá mi. Ọmọ ọmọ Abísọ́lá ni mí, ìyàwó keje. Ará Ìwó."

Olóyè fa Ṣóbándé sí kọ̀rọ̀. "Lé e jáde!"

"Kí n sọ pé kí ló ṣe, sà?"

"Sọ pé Abísọ́lá ò bímọ!"

"Ẹ ti sọ fún kọmíṣọ́nnà pé ó bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì, sà."

"Sọ pé kò sí Abísọ́lá!"

Ṣóbándé wo òkúta. Ó wo ọ̀gá rẹ̀. "Bí ìkeje ò bá sí, sà, ta ló máa gbà pé ìkẹjọ wà?"

Olóyè yíjú padà sí Ṣùkúrát, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí eyín ń dùn. "Káàbọ̀, ọmọ mi."

Nígbà tó délé, ó bá Fẹ́yìsetán ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá Adó-Odò ránṣẹ́ wá," obìnrin náà wí. "Wọ́n ní ìwọ lo là ju nínú ẹbí, kí o fi ẹ̀wà àti kẹrosíìnì ránṣẹ́."

"Wọn kì í ṣe ẹbí mi!"

"Lọ sọ ọ́ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn." Ó fẹ́ èérún ẹ̀wà dànù. "Bàbá rẹ àgbà fi ìyàwó kan ṣoṣo lo ayé rẹ̀, ó sùn ní àlàáfíà. Ìwọ lo lọ kó mẹ́jọ lé e lórí nínú sàréè."

Ní ọjọ́ Àìkú, Bàbá Àlàrí pe ìpàdé ẹbí láti pín ilé. Ó jókòó sórí àga oníbúlọ́ọ̀kù Olóyè, torí òun ló dàgbà jù.

"Ìdí igi la fi ń pín ilé bàbá ẹni," ó ní. "Ìyàwó kọ̀ọ̀kan àti àwọn ọmọ rẹ̀, ìpín kan. Èmi àti Adé, ọmọ ìyálé ni wá. Àwa la dàgbà, ẹ jẹ́ kí àwọn àbúrò kọ́kọ́ mú."

"Ẹ̀gbọ́n!" Olóyè figbe bọnu.

"Má ṣe ojú kòkòrò, Adé. Bàbá wa ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Adó-Odò, kí lẹ fẹ́?"

Adó-Odò mú ọ́fíìsì Olóyè, wọ́n ní fáànù ibẹ̀ dára fún àwọn ọmọ. Ìlaròó mú yàrá kan lẹ́yìn. Ìjù mú èkejì. Ó yí dé ọ̀dọ̀ ìkeje.

"Abísọ́lá?"

"Yàrá ìkàwé, bàbá," Ṣùkúrát dáhùn. "Àti àwọn ìwé. Àwọn ará ilé ò sọ pé àwọn fẹ́ ìwé."

"Ta ló fẹ́ ìwé?" Bàbá Àlàrí bi gbogbo ilé.

Olóyè ò lè dá ara rẹ̀ dúró. "Èmi!"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe é?"

Olóyè yíjú wá Ṣóbándé, Ṣóbándé ń wo bàtà ara rẹ̀. Wọ́n fún Ṣùkúrát ní yàrá náà. Ó kó tábìlì wọlé, Ìyá Ọláníkẹ́ to ìwé padà, ó sì ṣí ìlẹ̀kùn fún àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Wọ́n ń ka ojú ìwé kan, wọ́n ń ka èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìpín wá kan àwọn ọmọ ìyálé, Bàbá Àlàrí mú ẹnu ọ̀nà, ibi tí ẹní rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ó wá ku ihò tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí.

"Adé, o rí i? Mo fi ibi tó tutù sílẹ̀ fún ọ."

Ihò yẹn ni Alákòóso Àgbà Pátápátá ti ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ìgbálẹ̀ wà lọ́tùn-ún rẹ̀, péélì wà lósì rẹ̀. Ṣóbándé ń dúró síta, torí ẹni méjì ò gbà níbẹ̀, ó sì ti ń kí Bàbá Àlàrí pé, "Olórí Ẹbí Àgbà Pátápátá."

Kọmíṣọ́nnà ti sọ nípa ilé ìkàwé náà fún àwọn àlejò kan láti Èkó. Ó kó wọn wá láìránṣẹ́ ṣáájú. Ohun tó kọ́kọ́ pàdé wọn ni adìyẹ. Lẹ́yìn náà, òórùn ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà, Olóyè tó ń yọ jáde nínú ihò ìgbálẹ̀, tí jànkáríwọ̀ wà lára fìlà rẹ̀.

"Olóyè, kí nìyí?"

"Ọlá yín, àwọn... àwọn tó wá kàwé ni."

"Ẹni tó ń fọ ọmọ nídìí yẹn, ṣé ó ń kàwé?"

Bàbá Àlàrí dìde. "Ilé bàbá wa la wà o, ọmọ mi. Adé ló sọ fún yín. Ó wà lára ògiri."

Kọmíṣọ́nnà ka òkúta náà jẹ́ẹ́. Ó wá yíjú sí Olóyè. "Bó bá jẹ́ ilé ẹbí yín ni, ìjọba kì í yan alákòóso sí ilé ẹbí, kí ẹ máa gbé ibẹ̀ nìṣó. Bí kò bá jẹ́ ilé ẹbí yín, irọ́ lẹ pa fún mi níwájú ìlú. Èwo ni kí n gbà?"

Nínú yàrá ìkàwé, Ṣùkúrát ò ṣí ojú ìwé tó kàn. Bí Olóyè bá ní ilé ẹbí ni, ìlú ti pàdánù ilé ìkàwé. Bó bá ní kì í ṣe ilé ẹbí, Ṣùkúrát fúnra rẹ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó síbẹ̀ mọ́, àfi bí ìlú bá gbà á padà.

Olóyè wo àga rẹ̀. Ẹnì kan ti sá aṣọ ìtẹ́dìí ọmọ sórí rẹ̀. Ó wo ihò ìgbálẹ̀. Ó lá ètè.

"Ìyàwó kan ni," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"A ò gbọ́," Bàbá Àlàrí wí.

"Ìyàwó kan ṣoṣo ni bàbá mi àgbà ní! Kò kọ́ ilé kankan! Ìlú ló kọ́ ọ! Wọ́n ní kó wá po sìmẹ́ńtì, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun!"

Bàbá Àlàrí rẹ́rìn-ín títí orógbó fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Adé, ìyá àwọn bàbá wa lo fẹ́ fún ní orogún mẹ́jọ. Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ wá wo bí wàá ṣe kà wọ́n padà ni." Ó ká ẹní rẹ̀. Ará Adó-Odò tú adìyẹ. Gbogbo ìdí igi gbé ẹrù wọn, wọ́n lọ wá ilé mìíràn wò. Kọmíṣọ́nnà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Olóyè níbẹ̀. Lẹ́tà tí Ṣóbándé fi kí alákòóso tuntun káàbọ̀ ti délé rẹ̀ kí ẹni náà tó mọ̀ pé wọ́n ti yan òun.

Ìyá Ọláníkẹ́ wọ yàrá ìkàwé lọ bá Ṣùkúrát, tó ti ń palẹ̀ ìwé mọ́.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mi ò ní ilé bàbá níbí mọ́, mà."

"Ilé ìlú ni. Jókòó, jàre. Ìdánwò ò mọ Abísọ́lá."

Ó jókòó. Ó yege. Ọkùnrin ẹlẹ́rọ ìlọta ti fẹ́ ẹlòmíràn, wọ́n ní ara wọn dá ṣáṣá.

Òkúta dídán náà ló kù. Wọ́n yọ ọ́ lára ògiri, ṣùgbọ́n ìgbà Sáàpù kì í ṣe ìgbà tí à ń sọ nǹkan nù. Wọ́n da ojú rẹ̀ dé ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí omi òjò máa ń dúró sí. Ìwé ìròyìn pẹ̀lú ti wọ́n, Olóyè sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá kà á lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀ bíi gbogbo ayé. Gbogbo èèyàn ń tẹ òkúta náà wọlé. Òun nìkan ni, bó bá ti débẹ̀, á ká agbádá sókè dórúnkún, á fò ó.

Òǹkàwé tuntun kan rí i lọ́jọ́ kan, ó bi Ìyá Ọláníkẹ́ pé, "Mà, kí ló dé tí bàbá yẹn ń fò?"

"Àwọn ìyá rẹ̀ àgbà ló wà lábẹ́ ẹ̀, kò fẹ́ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Rọra sọ̀rọ̀, wọ́n ń kàwé."